Wọ́n Kọ Ọ́ Pé Mi Ò Wá

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ìdánwò ṣí lórí ìkànnì,
ogójì ìbéèrè, ogójì ìṣẹ́jú.
Mo ti gun orí táńkì omi Ìyá Onílé,
nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yà sí
ní Òkè-Àrẹ̀mọ tí òjò bá ṣú.
Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́.
Dátà tí mo rà, owó ẹ̀wà ọjọ́ mẹ́ta ni.

Ọdún kẹta mi rèé nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.
Lójú fóònù tó ti sán bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀
ni mo ti kọ́ bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde.
Fídíò á dúró lójijì,
ọkàn á dúró,
àmì róbótó kan á máa yí, á máa yí,
èmi náà á mú èémí mi dání
títí ọkàn ó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù.
Olùkọ́ wa, Ìyáàfin Ọláòṣebìkan,
a ò rí ojú wọn ju bí èékánná lọ.
"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ṣakí, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"
Ohùn wọn á gé sí wẹ́wẹ́ bí ilá.

Mo mọ̀wé.
Ọwọ́ mi ni kò tíì mọ̀ ọ́n.
Ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá tí àǹtí mi fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin,
mo ti dè é mọ́ apá gbogbo ayálégbé,
dórí Kọ́láwọlé ọmọ ọdún méje tó ní kí n sanwó.
Bàbá Gàní atúnaagoṣe nìkan ló ń sá fún mi:
"Ẹni tó bá ń wá àìsàn kiri á rí i."
Àwọn ló tún aago tí mo ń fi kọ́ àyà ṣe,
wọn ò gba kọ́bọ̀.

Ìbéèrè kẹtàdínlógún ni mo wà:
ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, orí ń fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ,
kí ni nọ́ọ̀sì yóò kọ́kọ́ ṣe?
Ìdáhùn mẹ́rin tò síbẹ̀.
Nǹkan já lulẹ̀ nísàlẹ̀, gbàgà,
lẹ́yìn náà, ìró ohun wẹ́wẹ́ tó ń yí ká lórí sìmẹ́ńtì:
eyín aago, ọwọ́ aago, irin tín-ín-rín.
"Ọmọ nọ́ọ̀sì," Bàbá Gàní ló ń pè, "mi ò rí ọwọ́ mi mọ́."

Ẹnikẹ́ni ò to ìdáhùn sílẹ̀ fún mi níbẹ̀.
Mo wọn ìfúnpá wọn:
igba ó lé mẹ́wàá lókè, ọgọ́fà nísàlẹ̀.
Mo tún un wọ̀n. Ó wù mí kí n ti ṣì í.
Mo gba àgbo lọ́wọ́ Ìyá Onílé, mo gbé e jù sílẹ̀,
mo kígbe pe Múfútáù oníkẹ̀kẹ́.
A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Adéọ̀yọ́, iná iwájú kan ṣoṣo,
òjò ń wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́,
orí Bàbá léjìká mi, ìka mi lọ́rùn ọwọ́ wọn,
mo ń ka, mo ń ka.
Ó gbóná. Ó ń ta bí ẹyẹ inú àpò.
Fídíò ò sọ fún mi pé á gbóná.

Fóònù mi sùn sórí táńkì nínú òjò.
Ti Tẹ̀mídire ni mo fi wọlé lọ́jọ́ kejì.
Mẹ́rìndínlógún ni mo dáhùn; ìkànnì ò ka ọ̀kankan,
nítorí mi ò tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn.
Níwájú orúkọ mi, lẹ́tà pupa: KÒ WÁ.
Ìyáàfin Ọláòṣebìkan ní àwọn gbọ́, ẹ̀rọ ni kò létí.
Àtúnṣe ìdánwò, ó di oṣù kẹta,
ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà.

Bàbá Gàní wà ní ibùsùn kọkànlá.
Ẹnu wọn ṣì wọ́ díẹ̀ sápá ọ̀tún.
Wọn ò béèrè ìdánwò.
"Aago Alájì tó fọ́n ká yẹn, ṣé o bá mi ṣà á?"
Mo ní mo ṣà á.
Ó ku eyín kékeré kan,
mo ṣì ń fi tọ́ọ̀ṣì wá a lábẹ́ táńkì.